Nígbà Tí Ẹ̀ka Ìtàn Lọ Bá Mi Tọrọ Ìyàwó

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìfẹ́ ti pa òun bí ọtí rí, tí kì í sì í ṣe nínú Ẹ̀ka Ìtàn ní yunifásítì ló ti pa á, ẹ rọra bi í léèrè dáadáa. Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Nínú gbogbo ọkùnrin tí obìnrin bí sáyé, kò sí èyí tí ìfẹ́ tíì gbá mú bó ṣe gbá mi mú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin yẹn, ilé mì tìtì, ìwé sì ń já bọ́ látorí pẹpẹ bí òjò. Ìyàwó mi ní ìwé kan ṣoṣo ló já bọ́, pé èmi gan-an ni mo sì fi ìgúnpá gbá a. Ẹ má dá a lóhùn. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn látọjọ́ tá a ti pàdé, kó ṣáà máa bá mi yọ nǹkan kúrò.

Ẹ̀ka wa ò tóbi. Ẹ rí i? Mo sọ òótọ́ kan nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni, lókè pátápátá, níbi tí àtẹ̀gùn ti ń gba èémí lọ́wọ́ èèyàn. Ọ́fíìsì wà lọ́tùn-ún, ọ́fíìsì wà lósì, yàrá ìwé àtijọ́ wà lẹ́yìn, yàrá kan tó ní tábìlì gígùn sì wà láàárín. Lókè ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ síbẹ̀ látìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́: "A ò ní sọ ohun tá ò rí ẹ̀rí ẹ̀. A ò sì ní jẹ́ kí ohun tá a rí ṣègbé." Ìdí tá a fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò máa ń gun òkè wá pẹ̀lú àpótí ìwé bàbá wọn àgbà, a ó jókòó tì wọ́n, a ó bá wọn kà á.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, a máa ń yí tábìlì yẹn ká. Ẹnì kan á ka ohun tó kọ, àwọn tó kù á sì dojú ìbéèrè kọ ọ́. Ta ló sọ fún ẹ? Níbo lo ti rí i? Ta ló tún sọ ọ́, tí òun àti ẹni àkọ́kọ́ ò jọ sọ̀rọ̀ rí? Wọn ò mojú ọmọdé, wọn ò mojú àgbà. Mo ti rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tí omi lé ròrò sójú ẹ̀ nídìí tábìlì yẹn. Tí wọ́n bá sì ti lù ẹ́ tán báyẹn, wọ́n á bu tíì gbígbóná fún ẹ, wọ́n á ní, "Ó máa dáa. Lọ tún un ṣe." Tó o bá wá ń tún un ṣe, gbogbo wọn á máa bá ẹ wá ìwé kiri bíi pé iṣẹ́ tiwọn ni.

Obìnrin ni ọ̀gá wa, Ìyá Ẹ̀rí la sì ń pè é lẹ́yìn, torí tó o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ó lè ní, "Ẹ̀rí dà?" Ẹni tó dàgbà jù láàárín àwọn tíṣà wa ni Bàbá Àtijọ́. Kò níyàwó, kò lọ́mọ, kò ní ju ìwé àti àga kan tó ti gba ìrísí ara ẹ̀ lọ. Èmi? Wọ́n sọ mí ní Àbùmọ́. Mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ilé mì tìtì yẹn, èmi ni mo ń kàwé. Ọ̀rọ̀ afárá àtijọ́ kan ni mo kọ.

"Gbogbo ìlú ló jáde wá wo afárá náà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i," mo kà á sókè, ohùn mi ń dún bí agogo.

Ọwọ́ kan nà sókè ní ìsàlẹ̀ tábìlì. Ọmọbìnrin tuntun kan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún dígírì kejì, aṣọ ẹ̀ ń ta sánsán bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Gbogbo ìlú?" ló wí. "Àwọn tó wà lórí àìsàn ńkọ́?"

"Wọ́n gbé wọn wá."

"Ta ló gbé wọn?"

"Àwọn tí ara wọn yá."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí etí ẹnu ẹ̀ tó gbọ̀n. Nígbà tá a jáde, ó gé búrẹ́dì fún mi látinú àpò ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ló ń ṣe búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ òpópónà.

"Mo pín ohun tó o kà sí ọ̀nà márùn-ún," ó ní, "mo sì mú ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn dáa gan-an."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Látọjọ́ náà ló ti di pé mo ń dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Mo ti dúró fún wákàtí márùn-ún," mo máa ń sọ.

"Wákàtí kan. O ṣeun," á ní, á sì kó ìwé ẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Tí mo bá sọ fún un pé mi ò sùn lóru, á ní, "O tètè jí." Tí mo bá ní mo lè kú nítorí ẹ̀, á ní, "O lè mú òtútù." Àmọ́ nígbà tí mo bá dá wà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ṣé ó fẹ́ràn mi, àbí ó kàn ń gbádùn bó ṣe ń mú mi? Kí ni obìnrin tó gbọ́n tó báyìí fẹ́ fi alásọdùn bíi tèmi ṣe? Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti má bu nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bi mí bóyá ara mi ò yá.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ bà á jẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pòórá.

"Níbo lò ń lọ?" ó bi mí níjọ́ kan.

"Mo kàn máa ń yà sọ́dọ̀ Bàbá Àtijọ́ ni."

Ó dúró. Ó wò mí bí ìgbà téèyàn ń wo owó ayédèrú.

"O kàn máa ń yà? Ìwọ? Ìwọ tó o lọ ra báírò tó o sì fi ìdajì wákàtí ròyìn ẹ̀ fún mi?"

"Ó ń kọ́ mi ní nǹkan díẹ̀."

"Díẹ̀!" ló wí. Ìrìn tá a rìn lọ́jọ́ yẹn, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ ara ẹ̀.

Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó nídìí.

Nígbà tó yá, ara ẹ̀ tún rọ̀, mi ò sì béèrè ohun tó mú un rọ̀. Ó ní kí n wá kí bàbá òun. Mo wẹ̀, mo tún wẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti bá bàbá, níwájú ààrò, fúláwà lórí ìpéǹpéjú, apá ẹ̀ sì tóbi tó ìtì igi ńlá. Ìyàwó mi ní apá lásán ni. Ẹni tó ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi bí apá yẹn ṣe rí.

"Kí niṣẹ́ ẹ?" ó bi mí.

Ẹ wò ó, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Wọ́n ń sanwó díẹ̀ fún mi láti máa tún yàrá ìwé àtijọ́ ṣe. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Àmọ́ apá yẹn ló ń wò mí.

"Èmi ni igbákejì ọ̀gá ní ẹ̀ka wa, sà," ni ẹnu mi sọ. "Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Ọmọ ẹ̀ di ojú.

Ọjọ́ kejì ni bàbá gbé búrẹ́dì gun òkè wá fúnra ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí igbákejì ọ̀gá.

"Igbákejì wo?" Ìyá Ẹ̀rí bi í. "Ẹ̀ka yìí ò ní igbákejì kankan."

Bàbá bá tọ́ka. Mo wà lábẹ́ pẹpẹ ìwé, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kan, àkísà lọ́wọ́ kejì, eruku ti sọ mí di arúgbó.

"Áà, ìyẹn?" ni Ìyá Ẹ̀rí wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni. Ó ń bá wa gbálẹ̀."

Bàbá wò mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Igbákejì," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ kú iṣẹ́ o." Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n sọ nílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ ẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé òun kì í bù mọ́ ọn.

"Mi ò lè fi ọ́ fún òpùrọ́," bàbá wí.

"Bàbá mi, kì í ṣe irọ́. Ó kàn máa ń jẹ́ kó wú ni."

"Tí mo bá da yíìsì sí ìyẹ̀fun ju bó ṣe yẹ lọ, ṣé kì í wú?"

"Ó ń wú, sà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á rì wọnú."

"O ṣeun. Ibo ló tiẹ̀ máa ń lọ nírọ̀lẹ́ tó o ní o kì í rí i? Ṣé ìyẹn náà ń wú ni?"

Bàbá bá gbé ìdájọ́ kalẹ̀: kí n má fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́, àfi tí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bá lè wá jẹ́rìí mi. Òun ò fẹ́ ẹbí mi, torí ìyá mi á ní áńgẹ́lì ni òun bí. (Òótọ́ ni, á sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe.) Àwọn tó máa ń béèrè ẹ̀rí yẹn gan-an ni kó wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun á gbọ́ tẹnu wọn. Tí wọ́n bá kùnà, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

"Ìwọ ńkọ́?" mo bi ọmọ ẹ̀. "Tó bá ní rárá?"

"Mi ò ní bá bàbá mi jà," ó ní. "Èmi nìkan ló kù fún un." Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Nítorí náà, má jẹ́ kó ní rárá."

Mo lọ bá Ìyá Ẹ̀rí, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ́fíìsì.

"A ó lọ," ó wí, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀bẹ̀. "Ọmọ wa lẹ̀yin méjèèjì. Àmọ́ o mọ òfin wa."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, fún ìrọ̀lẹ́ kan péré, ẹ bá mi fi òfin yẹn sílẹ̀ lókè níbí."

"Tá a bá fi í sílẹ̀, kí la fẹ́ lọ sọ tí bàbá yẹn máa gbà gbọ́?"

Bàbá Àtijọ́ ní òun náà ń lọ. Mo mú un lọ́wọ́ sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò jẹ́ kí èmi wọlé. Èmi àti ọmọ oníbúrẹ́dì wà nídìí ààrò, lẹ́yìn fèrèsé kékeré tí wọ́n máa ń ti ibẹ̀ na búrẹ́dì sára káńtà, a ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rí ló bẹ̀rẹ̀. "A wá tọrọ ọmọ yín fún ọmọ wa. Kí n tó yìn ín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò dáa tá a mọ̀ nípa ẹ̀."

Mo fẹ́ wọnú ààrò.

"Ó máa ń pẹ́ dé," ó ń bá a lọ. "Tó bá ní òun ti ṣe iṣẹ́ tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó sọ fún àlejò kan pé ìwé tó wà ní yàrá wa tó mílíọ̀nù."

"Mi ò fara mọ́ ìyẹn," Bàbá Àtijọ́ já a gbà. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ló sọ."

"Mílíọ̀nù náà nìyẹn, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ohun tó sọ gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tiyín."

"Ẹ tiẹ̀ wà níbẹ̀ bí?"

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò sí níbẹ̀. Ta ló sọ fún yín?"

Bí wọ́n ṣe gbàgbé pé ìyàwó ni wọ́n wá tọrọ nìyẹn. Wọ́n ti padà sídìí tábìlì Ọjọ́bọ̀. Ìyàwó mi, tí kò tíì di ìyàwó mi nígbà yẹn, ń fi aṣọ ìnuwọ́ di ẹnu kí ẹ̀rín má bàa yọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ayé mi ni wọ́n ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ lórí àga níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," bàbá oníbúrẹ́dì wá sọ, "ṣé alárenà ni yín ni àbí ọlọ́pàá?"

Ìyá Ẹ̀rí wúkọ́.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní," bàbá ń bá a lọ. "Mo ti gbọ́ pé gbogbo nǹkan ló máa ń sọ di ńlá. Ṣé ó ti sọ ohun kan di kékeré rí? Ohun kan ṣoṣo, tó sọ pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ?"

Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Tí tábìlì wa bá dákẹ́ báyẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lẹ́rìí.

"Mo ń rò ó," ni Ìyá Ẹ̀rí wí. Nígbà tó yá, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò ní ẹ̀rí ẹ̀, sà. Ó dùn mí."

Mo gbọ́ tí bàbá mí kanlẹ̀. Ọmọ ẹ̀ yíjú wò mí, mo sì mi orí fún un pé rárá. Mo ti ṣe ìlérí fún ẹnì kan. Ẹ wò ó, mo máa ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí omi, àmọ́ ìyẹn ò ní ti ẹnu mi jáde, kódà kí n pàdánù ọmọbìnrin yìí.

Àga kan dún. Bàbá Àtijọ́ ló ń dìde.

"Èmi ní," ó wí. "Ọ̀gá, ẹ foríjì mí, torí ẹ̀yin náà ni mo fi pa mọ́ fún. Ojú mi ti lọ. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo ń rí òjìji èèyàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè ka ìwé mọ́ láti bí ọdún kan. Gbogbo ìwé tí mò ń ṣàlàyé fún yín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń dá padà, ọmọ yìí ló ń kà á sí mi létí nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní kí n máa lọ sílé. Ilé wo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nilé mi. Tí wọ́n bá bi í níbi tó ń lọ, á ní òun kàn yà ni."

Ó fi ọwọ́ wá àga ẹ̀, ó dì í mú.

"Ohun kan tún kù," ó ní. "Òpìtàn ni mí, mi ò kàn lè gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fún un ní ìwé tí mo ti há sórí, kí n lè wò ó bóyá á bù mọ́ ọn. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un rí. Kò yọ ọ̀kan kúrò."

Mo gbọ́ ìyẹn nídìí ààrò. Bàbá yìí ti ń dán mi wò! Mi ò mọ̀!

Ọmọ oníbúrẹ́dì bá ṣí fèrèsé kékeré yẹn gbayawu.

"Bàbá mi," ó ní, "ẹlẹ́rìí kejì rèé. Nígbà tí ara ń fu mí, mo tẹ̀lé e lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo rò pé obìnrin ni. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó ń kàwé. Bàbá Àtijọ́ ní kó tún ojú ìwé kan kà, ó tún un kà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sọ fún òun alára. Àṣírí Bàbá ni, kì í ṣe tèmi." Ó wo Ìyá Ẹ̀rí. "Èmi àti Bàbá Àtijọ́ ò sì jọ sọ ọ́ rí, mà."

Ìyá Ẹ̀rí mú gíláàsì ojú ẹ̀ kúrò, ó ń nù ún, ó sì ń nù ún. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Bàbá Àtijọ́.

"Bàbá, ẹ ní a ó ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Mi ò rí i níbì kankan."

"Ẹ̀rí dà?"

"Kò sí, Ọ̀gá."

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ lọ tún un ṣe. Gbogbo wa la ó máa kàwé fún yín."

Bàbá oníbúrẹ́dì ti fi fúláwà ọwọ́ ẹ̀ nu ojú, ojú ẹ̀ sì wá funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Igbákejì!" ó pè mí. "Wọlé wá jókòó."

Mo wọlé. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí pẹ́.

"Ẹni tó lè pariwo lórí gbogbo nǹkan, tó wá pa ẹnu mọ́ lórí ìyẹn, ó mọ ibi tí ẹnu òun parí sí. Màá fún ẹ lọ́mọ mi. Àmọ́ nílé yìí, kò sí igbákejì o. Èmi lọ̀gá, òun ni igbákejì. Ìwọ, wàá máa gbálẹ̀."

"Màá gbálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa dán bíi dígí, sà!"

"Gbá a kó mọ́," ó wí. "Ó ti tó."

Ní yàrá tábìlì gígùn la ti ṣe ìgbéyàwó wa, ọkọ̀ búrẹ́dì mẹ́wàá ló kún ibẹ̀. (Àwo méjì, ni ìyàwó mi wí.) Àwọn tó ń kàwé fún Bàbá Àtijọ́ ti pọ̀ báyìí, wọ́n ń jà du ìrọ̀lẹ́. Mi ò fi ọjọ́ tèmi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mo lọ kúnlẹ̀ nídìí àga Bàbá Àtijọ́. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lè mú kí àjà ilé sunkún. Nígbà tí mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló jáde.

"Ẹ ṣé, sà."

Ó dúró. Ó tẹ́tí. "Ó tán?"

"Ó tán, sà."

"Ìwọ, Àbùmọ́? Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́ ni mo ti ń bá ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ọjọ́ tí mo wá fẹ́ gbọ́ ọ, o wá ń ṣọ́ ọ ná?" Ó fi ọwọ́ wá orí mi kiri, ó sì rí i. "Bù mọ́ ọn, ọmọ mi."

Mo bù mọ́ ọn. Mo ṣì ń bù mọ́ ọn títí di òní, ohun tẹ́ ẹ sì kà tán yìí wà lára ẹ̀. Ìyàwó mi ti kà á ṣáájú yín. Ó pín gbogbo ẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, àfi ibi ọpẹ́. Ó ní ibẹ̀ yẹn ò tíì tó.